Ilé Tí Ọ̀gá Bákan-náà Rà

Nígbà tí ìjọba kọ́ ìlú tuntun kan sórí pápá tó tẹ́jú, wọ́n la òpópónà rẹ̀ gbọọrọ, wọ́n gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì fi ọkùnrin kan ṣe olórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe yẹn ló dára, àfi èyí tó kẹ́yìn.

Oyè ọkùnrin náà gùn débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Alábòójútó Ẹwà àti Ètò, Ojú Tí Ìlú Fi Ń Ríran. Àwọn ará ìlú, tí iṣẹ́ ń dúró dè, kò ráyè ìyẹn. Bó bá ti kọjá lọ, Ọ̀gá Bákan-náà ni wọ́n ń pè é, nítorí gbólóhùn kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Gbogbo ilé, bákan náà!"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ó ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà kúrò lára géètì, torí nọ́ńbà ń jẹ́ kí ilé kan máa rò pé òun ṣáájú èkejì. Ó fòfin de ìkòkò òdòdó tó bá ga ju orúnkún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri ìta, tàbí kó fi ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́, ọ́fíìsì Ọ̀gá ni yóò ti lọ tọrọ àṣẹ, Ọ̀gá kì í sì í fún èèyàn láṣẹ. Bí ó bá fún ẹnì kan, ilé onítọ̀hún á dára ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, ibo ni "bákan náà" máa wá gbà?

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣòro láti fojú inú rí. Àwọn ọmọ iléèwé ń wọ ilé onílé. Ẹni tó ń pín lẹ́tà kúkú ń da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì kan lẹ́bàá ọ̀nà, kí kálukú wá ṣa tirẹ̀. Bàbá kan ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó jẹun tán, ó ti ń mu omi lé e kó tó gbójú sókè rí fọ́tò ìyàwó oníyàwó lára ògiri. Wọ́n ní oúnjẹ ibẹ̀ dùn ju ti ilé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa. Lákòókò yìí, ọ̀dà ń bó lára ilé, géètì ń dípẹtà, gbogbo rẹ̀ sì ń bàjẹ́ bákan náà, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe fẹ́.

Ní ọ́fíìsì, wọn kì í jẹ́ kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dé etí rẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkíni, ni yóò kọ́kọ́ lanu.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ mọ́ lónìí o!"

"Mo rí i."

"Kò lè ṣe kó má mọ́, Ọ̀gá. Ó gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni."

Àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́. Bí Ọ̀gá bá sín, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. Àga rẹ̀ wà lórí pèpéle kan. Wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ àga àlejò kúrú, kí ẹni tó bá wá tọrọ àṣẹ lè máa wo òkè bí ẹni tó ń wò bóyá òjò máa rọ̀.

Ohun kan wà ṣá tí Ọ̀gá kì í fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ìlú tuntun: òun fúnra rẹ̀ kò gbé ibẹ̀. Ilé ìjọba kan nínú ìlú àtijọ́ lòun àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ń gbé, ilé funfun báláú tí òdòdó rẹ̀ ga dé fèrèsé òkè.

Ibẹ̀ ló wà tó ń mu tíì nígbà tí Mínísítà tuntun pè é lórí fóònù. Obìnrin ni Mínísítà yìí, kì í sì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ di olórí gbogbo ìlú tuntun orílẹ̀-èdè yìí?"

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n, ìmọ́lẹ̀ tó ràn sórí ìṣàkóso, atẹ́gùn tútù tó..."

"Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ìparí oṣù tó ń bọ̀, màá wá kí yín nílé yín, nínú ìlú tuntun. Tí ẹ bá ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́, ẹ gba ipò yẹn. Tí ẹ ò bá gbé ibẹ̀, mi ò ní fún yín, mi ò sì ní fi yín sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Tíì tutù lọ́wọ́ Ọ̀gá.

Báyìí ló ṣe di pé ọkùnrin tó kọ́ni bí a ṣe ń gbé ìlú tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tí yóò rà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún títà. Awakọ̀ ojú irin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ó sì fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Aránṣọ ni ìyàwó Ọ̀gá, ó sì mọ bí a ti ń yẹ nǹkan wò kí a tó rà á. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi tú yàà. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri, ògiri dáhùn pé òun wà. Ó wo àjà, kò rí àmì òjò kankan. Lóòótọ́, ọ̀dà ìta ti bó bí awọ ẹni tí oòrùn pa, táìlì balùwẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ń mì dirodiro, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ sì ní àbàwọ́n kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ bèèrè ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà dé yàrá iwájú, tó rí bí oòrùn àárọ̀ ṣe wọlé kún ilẹ̀, ó dúró.

"Ibí ni màá gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí," ló sọ. "Bàbá àwọn ọmọ, ilé yìí le dáadáa. Ojú rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ bá wa ra ọ̀dà àti táìlì, èmi àtàwọn ọmọ á kùn ún lọ́jọ́ ìsinmi."

"Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà Pátápátá? Lórí àkàbà?"

"Tó bá jẹ́ orí àkàbà ló ń ni yín lára, ẹ̀yin ẹ máa kun ìsàlẹ̀."

Awakọ̀ ojú irin rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mi ò kùn ún látọjọ́ yìí?"

"Kí ló dé?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo tọrọ àṣẹ títí, ẹ ní bákan náà."

Ọ̀gá wúkọ́, ó ní òfin ni òfin. Wọ́n ra ilé náà. Owó tí aránṣọ ti ń tọ́jú láti fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ló kún tiẹ̀, tí owó fi pé. Kò ráhùn. Ilé ìjọba, ìjọba ló ni ín, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù ú láti kan ìṣó mọ́ ògiri tó jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá dé ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti Akọ̀wé.

"Kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlú lọ síbẹ̀. Akunlé, káfíńtà, ẹni tó ń lẹ táìlì. Kí wọ́n sọ ọ́ di ilé tí Mínísítà máa rí tí ẹnu rẹ̀ máa yà. Àwọ̀ tó bá dára jù ni kí wọ́n lò."

"Òfin àwọ̀ eérú ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni mo ṣe òfin fún. Èmi ò tíì kó débẹ̀."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kò gbọ́ irú ọgbọ́n yìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun.

Ó wá ku bí wọn yóò ṣe júwe ilé. Ilé kò ní nọ́ńbà, kò ní àwọ̀, kò ní òdòdó tó ga. Akọ̀wé pe ọ̀gá àwọn akunlé, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọlọ́dà, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ gba òpópónà ọjà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé láti oríta róbótó tí wọ́n gbin òdòdó sí. Ìkẹrin lọ́wọ́ ọ̀tún ni."

"Oríta róbótó wo, sà?"

"Oríta róbótó mélòó ló wà?"

Méjì ló wà, ọ̀kan ní orí òpópónà, èkejì ní ìdí rẹ̀. Wọ́n sì jọ ara wọn bí ìbejì, torí Ọ̀gá ló ní kí wọ́n jọra. Bàbá Ọlọ́dà fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé ti na ìka sí i.

"Ọ̀gá pàṣẹ, ìwọ ń bèèrè ìbéèrè? Ẹbí Ọ̀gá ló ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ o! Kí ẹ ṣe é bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é fún ìyá tó bí Ọ̀gá lọ́mọ."

Bàbá Ọlọ́dà gba kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò, ó sì mú oríta tó sún mọ́ ọn.

Nínú ilé kẹrin lọ́wọ́ ọ̀tún láti oríta yẹn, agbẹ̀bí kan tó ti dàgbà ló ń gbé. Ìdajì àwọn ọmọ ìlú náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí nígbà tí wọ́n wáyé. Òun náà ti tọrọ àṣẹ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún, torí táìlì balùwẹ̀ rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti mú un ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn tó bá àwọn akunlé, káfíńtà àti korobá ọ̀dà lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Ọlọ́dà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kúulé o, Màmá. Ọ̀gá Àgbà ló rán wa sí yín."

"Ọ̀gá Bák... Ọ̀gá Àgbà? Sí èmi yìí?"

"Wọ́n ní ká tún ilé ṣe látòkè délẹ̀, bó bá ṣe wù yín."

Agbẹ̀bí di férémù ilẹ̀kùn mú. "Bó bá ṣe wù mí! Ó mà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Ẹ dìde, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù. Ṣé ẹ máa mu tíì?"

Wọ́n mu tíì. Wọ́n ń pè é ní Màmá Ọ̀gá, kò sì yà á lẹ́nu, torí kò sí ẹni tí kì í pè é ní màmá nínú ìlú yẹn. Ó mú àwọ̀ ojú sánmà fún ìta, ó mú táìlì tí kì í yọ̀ fún balùwẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù wálẹ̀ díẹ̀ torí apá rẹ̀ kò ga. Ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ fún ìjọba rí bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ṣe ṣiṣẹ́ fún ìyá Ọ̀gá.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè fẹ́ béèrè pé ṣé kò sẹ́ni tó lọ wo iṣẹ́ náà ni. Ọ̀gá kò lọ, kí àwọn èèyàn má baà rí i pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlú. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ náà má ṣe lọ, ó ní ìyàlẹ́nu ló fẹ́ kó jẹ́ fún un.

"Ilé tí mo fi owó mi rà," ni aránṣọ sọ, "ni mi ò gbọdọ̀ wò?"

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹ ní sùúrù. Ẹ máa sunkún ayọ̀."

Akọ̀wé ló yẹ kó lọ. Ojoojúmọ́ ló ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ fún Ọ̀gá. "Ọ̀gá, mo débẹ̀ lánàá, mi ò lè wò ó pẹ́, ńṣe ló ń kọ mọ̀nà lójú mi." Kò débẹ̀ rí. Ìdí òpópónà ọjà jìnnà sí ọ́fíìsì, oòrùn sì ń mú. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Bàbá Ọlọ́dà dá kọ́kọ́rọ́ padà pẹ̀lú ọpẹ́, ó ní àwọn kò tilẹ̀ lò ó. Akọ̀wé kò béèrè ìdí.

Ọjọ́ pé. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ Mínísítà wọ òpópónà ọjà, Ọ̀gá sì jókòó síwájú ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó le gbagidi bíi páálí. Àwọn ará ìlú ti jáde, Bàbá Ọlọ́dà náà sì wà láàárín wọn. Láàárín ilé aláwọ̀ eérú tó tò lọ rẹrẹ, ẹyọ kan ṣoṣo ń dán bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

"Dúró!" ni Ọ̀gá kígbe. "Òun nìyẹn!"

Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, fa apá aṣọ rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, apá ibí kọ́ ni. Oòrùn àárọ̀ ń wọ fèrèsé iwájú ilé tiwa. Ẹ̀yìn ló ń bọ́ sí nílé eléyìí."

"Ẹ wo gbogbo àdúgbò, ilé wo ló tún lè jẹ́ tèmi?"

Ó bọ́ sílẹ̀, ó gba gbohùngbohùn. Ó ti pinnu pé òun kò ní sọ ẹni tó ni ilé náà títí òun yóò fi dé ìparí ọ̀rọ̀, kí àtẹ́wọ́ lè pọ̀.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n! Ẹ̀yin ará ìlú, tí mo lóyún yín nínú ọpọlọ mi kí ìjọba tó ra sìmẹ́ńtì! Ẹ wo ilé yìí. Ẹ má ṣẹ́jú. Ta ló lè wò ó tí kò ní rí èmi? Bó ṣe dúró ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni mo dúró. Bí òrùlé rẹ̀ ṣe bo inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èrò mi bo gbogbo ìlú, títí dé ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí! Ilé yìí rí wúruwùru tẹ́lẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ojú ti ògiri!"

"Ojú tì í gan-an ni!" ni Akọ̀wé dáhùn.

Mínísítà wo aago. Ọ̀gá gun àtẹ̀gùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó tì í bọ ihò ilẹ̀kùn. Kò yí. Ó fi agbára sí i. Kò yí. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn látẹ̀yìn, àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí láti inú, tí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá sì ṣubú sẹ́sẹ̀ agbẹ̀bí.

"Háà! Ẹ dìde, Ọ̀gá," ni agbẹ̀bí wí. "Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún yín." Ó sì kojú sí àwọn èèyàn. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o. Mo ṣubú nínú balùwẹ̀ mi, mo sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí n tún un ṣe. Mo ti rò pé kò gbọ́. Kì í ṣe àṣẹ nìkan ló fún mi, ó tún kó òṣìṣẹ́ wá bá mi tún gbogbo ilé ṣe. Ọlọ́run á tún ilé tirẹ̀ náà ṣe!"

Àtẹ́wọ́ sọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pa láṣẹ. Ojú Mínísítà, tó ti le láti àárọ̀, rọ̀.

"Ilé yín ni mo rò pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn mí," ló sọ fún Ọ̀gá. "Ilé màmá yìí lẹ mú mi wá. Ó dáa. Wọ́n ti sọ oríṣiríṣi nípa yín fún mi, mo rí i báyìí pé irọ́ wà níbẹ̀. Ẹ mú mi lọ sí tiyín. Kódà bí kò bá dára tó èyí, mi ò ní bínú."

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí ná. Ipò náà ti bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Kò ní láti parọ́ kankan, kò ní láti ṣe nǹkan kan ju kó mi orí, kó sọdá títì lọ sí ìdí òpópónà, kó ṣí ilé rẹ̀. Akọ̀wé pàápàá rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tó wúlò sí etí ọ̀gá rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ náà ń wò ó. Ó fi ojú sọ ohun kan náà.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti rí inú ilé. Ó rí táìlì tó ń dán, kọ́bọ́ọ̀dù tuntun, pálọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí àwo. Ó sì ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà, àwọn tó ń pa á sì kojú sí agbẹ̀bí. Ìyẹn ni kò lè gbà.

"Irọ́!" ló bú jáde. "Ilé mi nìyí! Èmi ni mo ni ín! Èmi ni mo kó òṣìṣẹ́ ìlú wá láti tún ilé mi ṣe! Ta ló fi obìnrin yìí sínú ilé mi?"

Mínísítà sún mọ́ àtẹ̀gùn.

"Òṣìṣẹ́ ìlú," ni Mínísítà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Láti tún ilé yín ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ṣebí..." Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó yíjú sí Bàbá Ọlọ́dà. "Ìwọ! Ta ni mo ní kí o ṣiṣẹ́ fún?"

"Màmá yín, sà," ni Bàbá Ọlọ́dà dáhùn, ó tún ń dọ̀bálẹ̀ fún agbẹ̀bí bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ta ni màmá rẹ̀?" ni agbẹ̀bí béèrè. "Irú ọmọ báyìí, bí mo bá tiẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀, mi ò ní jẹ́wọ́."

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé oríta kejì. Akọ̀wé ti rọra yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́ títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ Mínísítà, ibẹ̀ ló ti tún tẹ̀.

"Mínísítà, ilẹ̀ mọ́ lónìí o!"

"Mo rí i. Ìwọ náà máa bá ọ̀gá rẹ lọ."

Kò pẹ́ rárá. Wọ́n yọ Ọ̀gá nípò, wọ́n gba ilé ìjọba, wọ́n sì ní owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílé agbẹ̀bí, nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni yóò ti jáde. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ fi nọ́ńbà padà sára géètì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òpópónà ọjà ti ní ilé pupa, ilé ìyeyè, àti ọ̀kan tí onílé rẹ̀ kò tíì lè ṣàlàyé àwọ̀ rẹ̀.

Aránṣọ ló ṣí ilé wọn, òun àtàwọn ọmọ. Ó gbé máṣíìnì sí yàrá iwájú, ó ká kápẹ́ẹ̀tì jáde, ó kan ìṣó àkọ́kọ́ mọ́ ògiri kí ó tó bu omi mu. Ọ̀gá jókòó lórí àpótí kan nínú pálọ̀, ó ń ṣàlàyé fún ògiri bí wọ́n ṣe dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó yá, ó gbé korobá ọ̀dà síwájú rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, gbogbo owó mi ló wà lára ilé yìí. Ẹ bínú tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa kùn ún bẹ́ ẹ ṣe ń bínú."

Ó lọ. Ó gun àkàbà tí kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gùn, ó ń kùn ún wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀dà ń kán sí bàtà rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí ń kọjá lọ, ó dúró létí géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọ̀gá wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sí ẹlòmíràn. Ó fara balẹ̀ lórí àkàbà, ó na búrọ́ọ̀ṣì síwájú bíi gbohùngbohùn, ó mí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dáwọ́ dúró, wọ́n mọ èémí yẹn. Ìyàwó rẹ̀ pa ẹnu máṣíìnì mọ́ nínú yàrá, ó ń fetí sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ni Ọ̀gá wí.

Ó sì yíjú padà sí ògiri.